Ṣé O Ti Pa Á?

Ìyàwó mi gbá mi létí kó tó mọ orúkọ mi. Eéwo ló sọ mí lápá nígbà náà, mo sì ti fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un nílé kí n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fa apá mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni gbòà! "Ta ló ní kó o gún un? Ṣé táyà kẹ̀kẹ́ ni?" Mo tún na apá náà sí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ò pé. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n eéwo náà ti san.

Obìnrin kúkurú ni, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an kì í ṣe kékeré. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò nílé ìwòsàn yẹn kí wọ́n tó lé e. Dókítà kan ló fà á. Bándéèjì kan bọ́ sílẹ̀, dókítà náà ṣa á, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fẹ́ fi wé orí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó mi fi abọ́ irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ là á mọ́ ọn létí. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì. Ó ní kí dókítà kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé nìyẹn, tó ń fi ìbínú fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Èmi ni mo mú un wá sí odò ẹran tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nídìí òṣùwọ̀n ni mo wà. Ẹran tí wọ́n bá ti pa, tí wọ́n sì ti bó, èmi ni mo ń gbé e kọ́ sórí ìkọ́, tí mo ń kọ bó ṣe wúwo tó sí i lára. Màlúù bí ọgọ́rin ló ń kú níbẹ̀ lójúmọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Láti aago márùn-ún àárọ̀ ni igbe màlúù, igbe ọkùnrin, ìró ọ̀bẹ lára irin, òórùn ìgbẹ́ àti ti ẹ̀jẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ máa ń bì. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì ń gé ara wọn lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ní èèṣì, nígbà mìíràn wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Egungun á gún ọwọ́, ìwo á ya itan, omi ìdọ̀tí á wọ inú ẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ọyún ti dé.

Wọ́n fún un ní yàrá onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n mi. Tábìlì kan tí a tẹ́ rọ́bà lé ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ omi kan, ọṣẹ, òwú, bándéèjì, àti páálí kan tí túùbù ìpara apakòkòrò kún inú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé ni gbogbo wọn ti ń pè é ní Ìyá Onítúùbù.

Ó ní òfin, òfin rẹ̀ sì le ju ti ìjọba lọ. Túùbù kan, ẹni kan. Ọkùnrin kan tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tiẹ̀, ó fi igbálẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Kó o tó fọwọ́ kan ìpara, wàá fọ ọwọ́, wàá fọ egbò náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, wàá jẹ́ kó gbẹ. Ìwọ̀nba bí ẹyọ ẹ̀wà kan lo máa fún jáde, wàá sì pa á kó fẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Iye ọjọ́ tó bá dá fún ẹ, wàá lò ó pé, kódà bí egbò náà bá ti dẹ́kun ríro ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, tí egbò sì padà, kò ní fún un ní túùbù mìíràn títí yóò fi jẹ ìgbájú tiẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ìpara yẹn ń wo gbogbo nǹkan tó bá ti wà lára èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fún mi ní túùbù kan. Làpálàpá ló wà lórí ọmọ mi."

"Apakòkòrò ni mo ní, kì í ṣe apagbogbo-nǹkan. Kòkòrò tó ń fa ọyún ló mọ̀. Làpálàpá ò gbọ́ èdè ẹ̀. Lọ ra tiẹ̀ ní kẹ́míìsì, kúrò níwájú mi."

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ egbò tó ń ṣọyún, tàbí irun tó wú sínú lẹ́yìn ọrùn àwọn tó ń fá orí, tàbí egbò tó máa ń yọ yí ẹnu ọmọdé ká tí omi rẹ̀ á gbẹ di èépá bí oyin, ojú rẹ̀ á tàn. Á ní, "Ìyẹn làwọn tèmi." Á wá dì ọ́ mú, á fọ̀ ẹ́ títí wàá fi ké. Mo ti rí ọkùnrin tó ń mú màlúù balẹ̀ tó ń sunkún lábẹ́ kànìnkànìn obìnrin yìí.

Nǹkan kan wà tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó mi á gbọ́ ọ tó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé o ti pa á?" Wọ́n á dáhùn pé, "Mo ti pa á, mà." Bó bá tún rìn tó ìṣísẹ̀ ogún, ní ibi tí wọ́n ti ń dúńbú ẹran, ohun kan náà ni wọ́n tún ń bi ara wọn nípa màlúù: "Ṣé o ti pa á?" "Mo ti pa á." Ẹni tó ń fi ìpara ra ara ń pa á, ẹni tó ń fi ọ̀bẹ bẹ́ ọrùn ń pa á, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà. Àwọn ọkùnrin á ní ó jọ pé iṣẹ́ kan náà ni Ìyá Onítúùbù àti Ọ̀gá Ọ̀bẹ jọ ń ṣe.

Ọ̀gá Ọ̀bẹ yìí ni olórí àwọn adúńbú. Ọwọ́ rẹ̀ kan tó orí èèyàn. Kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà, àmọ́ kò sí màlúù tí kò lè dá dè, dá dojú rẹ̀ délẹ̀. Èèyàn líle ni, a sì bẹ̀rù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni à ń pè ní Aláwọ, nítorí òun ló ń bó awọ kúrò lára ẹran láìlu ihò kankan sí i. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, Aláwọ lu ihò sí awọ kan, Ọ̀gá Ọ̀bẹ sì gbá a létí lójú gbogbo wa. Àbúrò fò mọ́ ẹ̀gbọ́n, ó sì gé e létí jẹ. Wọ́n yí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran títí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Ìyàwó mi ló tọ́jú etí náà. Bó ṣe ń pa ìpara sí i ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ ń búra, ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá tún bá a sọ̀rọ̀, òkú ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Láti ìgbà náà, bí Ọ̀gá Ọ̀bẹ bá nílò nǹkan lọ́wọ́ Aláwọ tó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, èmi ló máa rán.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀bẹ yọ lọ́wọ́ Aláwọ, ó sì ya á lójúgun. Ọgbẹ́ náà ò ju gígùn ìka lọ. Ká ní ó wá sọ́dọ̀ ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn ni, ọjọ́ méje péré ló máa gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lé ẹni tó bá ní egbò lọ sílé títí yóò fi jinná, Aláwọ ò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i kó lọ sílé bí ọ̀lẹ. Ó ti ẹsẹ̀ náà bọ bàtà rọ́bà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà nínú bàtà náà pẹ̀lú omi ìdọ̀tí. Lálẹ́, á fi ìpara tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bóra pa ojú ẹ̀, torí ó ní pupa ẹ̀ ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyàwó mi rí i tó ń tiro. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó fà á ní ṣòkòtò wọ inú yàrá, ó tì í sórí àga, ó jókòó lé orúnkún ẹ̀, ó sì fa bàtà náà yọ. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi nídìí òṣùwọ̀n. Ó gbá Aláwọ létí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nítorí bàtà, èkejì nítorí ìpara ìbóra.

"Pupa ẹ̀ ń lọ, o ò ṣe ní pupa ẹ̀ ń lọ? Ńṣe ló ń bo pupa mọ́lẹ̀! Kòkòrò ń jẹun lábẹ́ ẹ̀, o ń bá wọn tẹ́ aṣọ lé tábìlì!"

Ó fọ̀ ọ́. Aláwọ ké bí ẹran. Ó fún un ní túùbù, ó ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Aláwọ wá mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, ó kọ́ ọ bó ṣe máa pa á, ó sì ní ọjọ́ Ajé òun máa pè é láti mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, ìyàwó mi ló kọ tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Ọ̀bẹ sì sọ tiẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Aago méjì ti lù, iṣẹ́ ti ń parí. Ọ̀gá Ọ̀bẹ ń fọ ọ̀bẹ lẹ́yìn yàrá onípákó náà. Ìyàwó mi wà nínú ilé, ó ń pe ìyàwó Aláwọ. Etí fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà gbangba ló máa ń ṣí i sí, ẹni tó bá wà nítòsí á gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Aláwọ dà?"

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mà."

"Ṣé o ti pa á?"

"Mo ti pa á, mà. Láti àárọ̀ ni mo ti pa á."

"Kò bá ẹ jà?"

"Ó fẹ́ jà díẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mú, mo sì pa á bẹ́ẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Báwo ló ṣe wà báyìí?"

"Kò sọ̀rọ̀ mọ́, mà."

Ibi tí Ọ̀gá Ọ̀bẹ gbọ́ ọ dé nìyẹn. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, irin tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sáré yí yàrá náà ká lọ síbi ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ èyí tó kù. Èyí tó kù ni pé ìyàwó Aláwọ ní ara ọkọ òun ń gbóná janjan, ó ń gbọ̀n, ilà pupa kan sì ti jáde lójú egbò náà, ó ti kọjá orúnkún, ó ń gòkè lọ sí itan. Ìyàwó mi fò dìde.

"Ìpara ò ká a mọ́! Má pa nǹkan kan sí i mọ́, gbé e lọ sí—"

Ilẹ̀kùn fọ́. Ọ̀gá Ọ̀bẹ já fóònù gbà, ó là á mọ́lẹ̀, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ fọ́ yángá. Kò sọ nǹkan kan. Irin yẹn ló fi lu ìyàwó mi lágbọ̀n. Èmi gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo wà, mo rò pé wọ́n ń fọ́ egungun ẹran. Ìyàwó mi ṣubú lu tábìlì, ó rí sísọ́ọ̀sì, ó fi gún ọkùnrin náà ní àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi yọ lódì kejì. Ọ̀gá Ọ̀bẹ tún lù ú. Ó fi ọwọ́ tó ní ihò yẹn gbé e lọ́rùn, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ pákó, ìgbà yẹn ló wá ń ké pé, "O pa àbúrò mi! O pa àbúrò mi! O rán ìyàwó ẹ̀ kó pa á!"

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ìkọ́ ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ronú. Mo sọ ọ́ sí i léjìká, ó wọlé, ó há. Ó yí padà, ó gbá mi, mo sì bá ara mi nínú gọ́tà. Ọkùnrin mẹ́fà ló wọlé kí wọ́n tó rí i dì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn màlúù. Bó ṣe wà nílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ bi í! Ẹ lọ wo òkú ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì!" Ọkùnrin tó búra pé òkú àbúrò òun lòun máa bá sọ̀rọ̀ rèé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ ìfun sáré lọ sílé Aláwọ, ilé náà ò jìnnà. A ti gbé ìyàwó mi sẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹran, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi gbé àgbọ̀n rẹ̀ ró, nígbà tí afọ̀fun náà sáré dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kò kú o! Aláwọ ò kú! Mo rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sùn! Ìpara ni! Ìpara ni ìyàwó ẹ̀ fi pa á!"

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ń dìmọ́ ògiri. "Ìpara ni o! Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ó pa á!" Ọ̀gá Ọ̀bẹ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún. Ọlọ́run má bínú sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àgbọ̀n ìyàwó mi tó ti kán dání, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí láyà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti eyín ló ń jáde. Ó fi ìka fa ilà kan láti ojúgun rẹ̀ dé orúnkún, dé itan, ó tún un fà, ó tún un fà, ó ń wò mí lójú. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Mo bá a fọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà. Ó tún lù mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ní, "Sinmi, Ìyá Àwọn Ọmọ, sinmi," mi ò sì jọ̀wọ́ wọn títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Ìyàwó Aláwọ ní tiẹ̀ ń pe fóònù tó ti fọ́. Ohun tó gbọ́ gbẹ̀yìn ni pé kó má pa nǹkan kan mọ́, kó gbé e lọ síbì kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró, ó ń retí. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n ti fọ́ Ìyá Onítúùbù lágbọ̀n, ó ní ara ọkọ òun gbóná o. Wọ́n ní kó jẹ́ kó sùn, ilẹ̀ á mọ́.

Wọ́n fi wáyà di ẹnu ìyàwó mi pa. Aago márùn-ún ìdájí ló jí, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó na ọwọ́ sí bírò tó wà lápò nọ́ọ̀sì. Ó kọ ọ́ sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì: ALÁWỌ. ILÉ ÌWÒSÀN. BÁYÌÍ. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí a gbé e dé, dókítà ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ náà, ó sì tún un dà bò ó. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú dé orúnkún. Ó ní bí àwọn ò bá gé e ní itan lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà á kú.

Ìyàwó Aláwọ ní ọwọ́ òun ò lè tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá méjì ló mú Ọ̀gá Ọ̀bẹ wá láti àgọ́ wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ka ìwé náà sí i létí. Ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ tí kò ní bándéèjì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Aláwọ láago mẹ́ta.

Mo bi ìyàwó mi lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní, ká ní wọ́n gbé e dé nígbà tó wà lórí fóònù yẹn ńkọ́? Ó kọ ọ́ pé: "Abẹ́rẹ́ ì bá ká a. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ó wá fa ilà sábẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Mi ò bi í mọ́.

Ó kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi Ọ̀gá Ọ̀bẹ sílẹ̀, òun ò bá a ṣẹjọ́. Mo fẹ́ ya ìwé náà. Mo sọ fún un pé bí àwọn ò bá pa á lẹ́wọ̀n, èmi á pa á nílé, kì í ṣe pẹ̀lú ìpara o. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́, wọ́n sì tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo máa ń dúró nídìí òṣùwọ̀n, màá máa wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin yẹn, màá máa ṣírò ibi tí ìkọ́ á ti wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lọ́wọ́ ọ̀sán, ó wá sílé wa. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ kó wọlé. Ìyàwó mi fi ọwọ́ gbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin ńlá yẹn ò jókòó lórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí ní pálọ̀ wa, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ń tijú pé òun ṣì ní wọn.

"Ìyá," ó ní, "mi ò wá bẹ̀ yín. Mi ò ní ẹnu tí mo fi máa bẹ̀ yín. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Mo bi dókítà, ó ní òun ò rí ẹsẹ̀ yẹn lọ́sàn-án, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí nìkan lẹ lè mọ̀. Ká ní mo jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ yẹn tán lórí fóònù, ṣé ẹsẹ̀ àbúrò mi ì bá wà?"

Ìyàwó mi fa ìwé tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ sọ́dọ̀, ó kọ̀wé, ó ya ojú ewé náà, ó sì nà án sí i. Ọ̀gá Ọ̀bẹ gbà á. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó wá nà án sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Rárá. Ó ti pẹ́ jù kí n tó pè. Wọn ì bá gé e náà ni."

Irọ́ gbuu ni. Ogún ọdún ni mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, mi ò rí i kó purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa àìsàn tó wà lára onítọ̀hún rí. Ó lè wo ojú ìyá ọmọ kó sọ fún un pé ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ ló fà á. Ọkùnrin tó fọ́ ọ lágbọ̀n ló wá ń purọ́ fún. Ó ń wò mí láti orí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí, mo sì rí i pé ó ń bẹ̀ mí. Mo wo wáyà tó wà lẹ́nu rẹ̀. Mo mú ìwé náà sókè, mo sì sọ̀rọ̀ jáde ketekete.

"Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ẹsẹ̀ náà ì bá wà.'"

Ọ̀gá Ọ̀bẹ ò ké. Ó mi orí, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. Ó dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá," ó sì jáde. Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbájú mi. Kò gbá mi. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i ni wọ́n tú wáyà náà. A wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ wálé, ó ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó dà bíi pé ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ni pé, "Lọ sọ fún un pé irọ́ lo pa."

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀," ó ní. "Lọ sọ fún un pé irọ́ lo pa."

Mo lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màlúù kẹta ti wà nílẹ̀, Ọ̀gá Ọ̀bẹ ń fi omi ṣan ọwọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ohun tí mo kà fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni mo pa. Rárá lobìnrin yẹn kọ. Ó ní wọn ì bá gé e náà."

Kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo rí ojú ìyàwó yín nígbà tẹ́ ẹ kà á. Mo mọ̀ pé ohun tó kọ kọ́ lẹ kà. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ."

Mo dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ èyí tó kù fún un. Ó yẹ kí n sọ bí ìyàwó mi ṣe ń fi ìka fa ilà sí itan ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, tí mo dì í lọ́wọ́ mú, tí mo ní kó sinmi. Pé nínú wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, iṣẹ́jú díẹ̀ ni tiẹ̀, èyí tó kù, tèmi ni. Mo la ẹnu. Wọ́n ti ń fa màlúù kẹrin bọ̀, ó ń ta ẹsẹ̀. Ọ̀gá Ọ̀bẹ mú ọ̀bẹ, ó ní kí n yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí mi láṣọ, mo sì yẹ̀.